Àmì Kì í Ṣe Ìdí: Ìtàn Ìwádìí lórí Fítámínì Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Jẹjẹrẹ Àpò-ìtọ̀

Ìfáàrà

Àpò-ìtọ̀ ni ìtọ̀ ti ń dúró kí ó tó jáde kúrò lára ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ohun tí kíndìnrín bá sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ni yóò sùn síbẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, ìbáà jẹ́ àṣẹ́kù oúnjẹ, ìbáà jẹ́ májèlé. Nítorí èyí, ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń bi ara wọn léèrè bóyá ohun tí a wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lónìí lè sọ bí jẹjẹrẹ yóò bá mú àpò-ìtọ̀ rẹ̀ lọ́la. Fítámínì wà lára ohun tí wọ́n fojú sí jù lọ. Ìtàn ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀wò. Kókó rẹ̀ ni pé ohun tí ó ṣòro jù lọ fún àwọn olùwádìí kì í ṣe wíwọn fítámínì inú ẹ̀jẹ̀, bí kò ṣe mímọ ohun tí òṣùwọ̀n náà túmọ̀ sí: ṣé ìdí àìsàn ni, àbí àmì rẹ̀ lásán?

Láti Ilé-iṣẹ́ Aró dé Odò Náílì

Kí ọ̀rọ̀ fítámínì tó dé, májèlé ni ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ àpò-ìtọ̀ dá lé. Ní ọdún 1895, Ludwig Rehn, oníṣẹ́-abẹ kan ní ìlú Frankfurt ní Jámánì, ròyìn pé òun rí kókó nínú àpò-ìtọ̀ ènìyàn 3 láàárín òṣìṣẹ́ 45 tí ó ń ṣe aró pupa tí wọ́n ń pè ní fuchsin. Aniline ni Rehn fura sí. Ní ọdún 1938, Wilhelm Hueper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn ajá ní 2-naphthylamine, tí òun náà wà lára ohun èlò ilé-iṣẹ́ aró, kókó sì yọ nínú àpò-ìtọ̀ wọn. Èròjà yìí kan náà wà nínú èéfín sìgá, sìgá ni ó sì ń fa jẹjẹrẹ yìí jù lọ ní àwọn ilẹ̀ Òyìnbó lónìí.

Ọ̀nà mìíràn gba Íjíbítì kọjá. Theodor Bilharz rí kòkòrò kan nínú ẹ̀jẹ̀ òkú ní Kírò ní ọdún 1851. Ní ọdún 1911, A. R. Ferguson fi hàn pé àìsàn tí kòkòrò náà ń fà àti jẹjẹrẹ àpò-ìtọ̀ jọ ń rìn pọ̀ ní ilẹ̀ náà. Àjọ àgbáyé tí ó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ, èyí tí ó wà ní Lyon, fọwọ́ sí i ní ọdún 1994 pé kòkòrò náà ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Àìsàn yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àtọ̀sí ajá ni ọ̀pọ̀ ń pè é, àwọn abúlé tí ó yí ìdídò Ọ̀yán ká ní ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà lára ibi tí ó ti gbilẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ṣiṣẹ́ aró, tí ó mu sìgá, tàbí tí ó wẹ̀ nínú odò ni jẹjẹrẹ mú. Kí ni ó dáàbò bo àwọn tí ó yè? Ìbéèrè yìí ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún fítámínì.

Bí Fítámínì Ṣe Wọ Ọ̀rọ̀ Náà

Casimir Funk ni ó dá orúkọ tí ó di fítámínì sílẹ̀ ní ọdún 1912. Ní ọdún 1925, S. B. Wolbach àti P. R. Howe ní Boston fi oúnjẹ tí kò ní fítámínì A bọ́ àwọn eku. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tẹ́ inú ojú, ọ̀nà èémí àti ọ̀nà ìtọ̀ wọn yí padà, ó nípọn, ó sì le bí awọ ara òde. Àbájáde yìí ṣe pàtàkì nítorí pé irú jẹjẹrẹ tí àtọ̀sí ajá sábà máa ń fà ní sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ tí ó jọ ti awọ ara òde. Ó wá dà bí ẹni pé ẹni tí fítámínì A rẹ̀ kò tó ti rìn dé àárín ọ̀nà jẹjẹrẹ.

Ní ọdún 1980, Nicholas Wald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn láti Lọ́ńdọ̀nù pé, láàárín àwọn ọkùnrin bí 16,000 tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ wọn pamọ́, retinol inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ wá mú kéré sí ti àwọn yòókù. Ní ọdún kejì, Richard Peto, Richard Doll àti àwọn méjì mìíràn béèrè nínú ìwé ìròyìn Nature bóyá beta-carotene inú oúnjẹ lè dín jẹjẹrẹ kù. Wọ́n kìlọ̀ pé ìdánwò ni yóò sọ òótọ́, nítorí ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa lè yàtọ̀ sí ẹlòmíràn ní ọ̀nà púpọ̀ tí kò kan ẹ̀fọ́.

Ẹ̀jẹ̀ tí a Fi Pamọ́

Ní Washington County ní ìpínlẹ̀ Maryland, ènìyàn 25,802 fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1974. Láàárín ọdún 12 tí ó tẹ̀ lé e, jẹjẹrẹ àpò-ìtọ̀ mú 35 nínú wọn. Kathy Helzlsouer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ àwọn wọ̀nyí wé ti àwọn tí ara wọn le, wọ́n sì gbé àbájáde jáde ní ọdún 1989. Retinol, beta-carotene àti fítámínì E kò yàtọ̀ láàárín ọ̀wọ́ méjèèjì. Selenium, tí kì í ṣe fítámínì rárá, ni ó kéré jù nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àìsàn wá mú.

Kí èyí tó jáde, Wald fúnra rẹ̀ ti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ní ọdún 1986, nígbà tí àwọn tí wọ́n ṣọ́ ti pọ̀ sí i, ó hàn pé àwọn tí àyẹ̀wò fi jẹjẹrẹ hàn lára wọn láìpẹ́ lẹ́yìn tí a gba ẹ̀jẹ̀ wọn ni retinol wọn kéré. Àwọn tí ó pẹ́ kí tiwọn tó hàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé jẹjẹrẹ tí ó ti fara pamọ́ sínú ara ni ó ń fa retinol wálẹ̀. Ohun tí wọ́n rò pé ó jẹ́ ìdí ti di àbáyọrí.

Sìgá tún da ọ̀rọ̀ rú. Beta-carotene àti fítámínì C inú ẹ̀jẹ̀ amusìgá máa ń kéré, sìgá náà sì ń fa jẹjẹrẹ àpò-ìtọ̀. Ẹni tí ó bá wo ẹ̀jẹ̀ nìkan lè dá fítámínì lẹ́bi ohun tí sìgá ṣe. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìgbà tí Ìdánwò Dé

Ní Fínlándì, wọ́n pín ọkùnrin amusìgá 29,133 sí ọ̀wọ́. Àwọn kan gba beta-carotene, àwọn kan fítámínì E, àwọn kan méjèèjì, àwọn yòókù sì gba hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. Àbájáde tí ó jáde ní ọdún 1994 ya gbogbo ayé lẹ́nu: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tí ó gba beta-carotene. Ní ti àpò-ìtọ̀, fítámínì méjèèjì kò dín jẹjẹrẹ rẹ̀ kù. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ dúró ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1996 kí àsìkò rẹ̀ tó pé, nítorí pé ewu kan náà ti fojú hàn.

Síbẹ̀, ní ọdún 1994 kan náà, Donald Lamm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ìrètí wá. Wọ́n fún àwọn kan nínú aláìsàn 65 tí ó ti ní jẹjẹrẹ àpò-ìtọ̀ ní fítámínì A, B6, C àti E lọ́pọ̀ yanturu, àwọn yòókù sì gba ìwọ̀n tí ara ń fẹ́ lójoojúmọ́. Wọ́n ṣírò pé láàárín ọdún márùn-ún, kókó yóò padà wá fún ìdá 91 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀wọ́ kejì, ṣùgbọ́n ìdá 41 péré nínú ọ̀wọ́ kìn-ín-ní. Ìyàtọ̀ ńlá ni èyí, àmọ́ ènìyàn 65 kéré. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú aláìsàn 670, tí Lamm fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó kọ ìròyìn náà ní ọdún 2010, ìyàtọ̀ náà pòórá. Ní ọdún 2023, ìròyìn ìdánwò kan láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé selenium kò dá kókó dúró láti padà wá, pé fítámínì E sì mú kí ó máa padà wá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fítámínì D àti Ìbéèrè tí Kò Tíì Tán

Fítámínì D ni ó kù lórí pẹpẹ. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn amusìgá Fínlándì yẹn kan náà, Alison Mondul àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní ọdún 2010 pé àwọn tí fítámínì D wọn kéré ni jẹjẹrẹ àpò-ìtọ̀ mú jù. Ìwádìí kan láti Spéènì ní ọdún 2012 sọ ohun tí ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí àìsàn ti mú ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ọdún 1986 sì ti sọ ewu tí ó wà nínú ìyẹn. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kì í sáàbà jáde sí oòrùn, oòrùn sì ni orísun fítámínì D. Ìdánwò ńlá kan ní Amẹ́ríkà tí ènìyàn 25,871 kópa nínú rẹ̀, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2019, kò rí i pé fítámínì D dín iye àwọn tí jẹjẹrẹ ń mú lápapọ̀ kù. Jẹjẹrẹ àpò-ìtọ̀ nìkan kọ́ ni ìdánwò náà dá lé, nítorí náà ìbéèrè yẹn kò tíì parí.

Ìgúnlẹ̀

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ni kò sọ fítámínì di yẹpẹrẹ. Ara tí fítámínì kò tó sí ń jìyà, gẹ́gẹ́ bí eku Boston ti fi hàn. Ṣùgbọ́n àìtó burú, kò sì túmọ̀ sí pé àpọ̀jù yóò ṣe ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀ gidigidi, ìbáà jẹ́ ní Frankfurt, ìbáà jẹ́ ní etí odò Ọ̀yán. Bí ó bá ń ra ìgò fítámínì dípò kí ó lọ fún àyẹ̀wò, àmì ni ó ń tọ́jú, ìdí sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni májèlé aró, èéfín sìgá àti kòkòrò inú odò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a sì lè dènà. Odò tí ó mọ́, oògùn praziquantel fún àwọn ọmọ abúlé, ààbò fún òṣìṣẹ́ àti jíjáwọ́ nínú sìgá ni ìtàn náà tì lẹ́yìn. Fítámínì inú ẹ̀jẹ̀ ṣì jẹ́ ẹlẹ́rìí tí ó yẹ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kì í ṣe ọ̀daràn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe olùgbàlà.