Ta Ní Ń Ríran Nígbà Tí A Bá Ń Sunkún?

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran." Ilé òkú ni òwe yìí ti sábà máa ń jáde. Opó jókòó lórí ẹní, ẹkún ti gbà á lọ́kàn, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ń ké nítorí ebi, kò gbọ́. Ìyá àgbà kan á fọwọ́ gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́, á ní, "Ìyàwó mi, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran o." Ohun tó ń sọ ni pé kí ó fún ọmọ lọ́yàn. Ìyá àgbà kò ní kí ó má sunkún. Ohun tó ní kí ó má ṣe ni pé kí omijé bo ojú rẹ̀ débi tí kò fi ní í rí ohun tó wà níwájú rẹ̀. Òwe ìṣítí ni, ìbáwí díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Ìbáwí yẹn ni a ń gbé lọ síbi tí kò yẹ. Oníṣòwò kan ní ọjà Àlàbá kò ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dáadáa láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó bá tilẹ̀ dé ibẹ̀, á kàn jókòó ti ọjà ni, oníbàárà á kí i, kò ní í dáhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ọjọ́, kò lè wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó rò pé òun fẹ́ kú. Abiyamọ kan ní Okokomaiko ń jí ní aago mẹ́ta òru lójoojúmọ́, kò sì mọ ohun tó jí òun. Kí ni ará ilé ń sọ fún wọn? "Mọ́kàn le." "Ṣé ìwọ nìkan ni nǹkan le fún ni?" "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran." Ẹni tí a sọ ọ́ fún á tún fi ìtìjú kún ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Á rò pé gbogbo ayé ló ń sunkún tó sì ń ríran, òun nìkan ni kò rí nǹkan kan.

Òwe náà kò purọ́. Àwa ni a kò ka lẹ́tà kan nínú rẹ̀ dáadáa, lẹ́tà náà sì ni "a". Arọ́pò-orúkọ ẹni kìíní ọ̀pọ̀ ni. Òwe kò sọ pé "bí o bá ń sunkún, máa ríran." Ó ní *a* ń sunkún, *a* sì ń ríran. Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé "a" inú òwe kò ju "ènìyàn" lásán lọ, bí ìgbà tí a bá ní "a kì í". Mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ń pa òwe yìí? Opó kì í pa á fún ara rẹ̀. Ẹni kejì ló ń pa á, ẹni tí ojú rẹ̀ gbẹ, tó ti rí ọmọ tí ebi ń pa. Nínú ilé òkú kan náà, opó kọ́ ló ń ka àga, òun kọ́ ló ń ránṣẹ́ sí alásè. Ìdílé ló ń sunkún, ìdílé ló sì ń ríran. Bí mo ṣe ka òwe náà nìyí: ẹni tó ń sunkún àti ẹni tó ń ríran kò ní láti jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ojú tó ń ríran kò gbọ́dọ̀ wọ́n láàárín wa.

Ìtumọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ẹkún tí mò ń sọ kì í ṣe ẹkún ọ̀fọ̀. Ìbànújẹ́ á dé, á sì fà sẹ́yìn bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ti di àìsàn kì í fà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Bí ọkàn ènìyàn bá wúwo lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́, tí oorun dá tàbí tó pọ̀ jù, tí oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun, tí agbára tán, tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí ohun tí kò ṣe, oníṣègùn ló yẹ kí ó gbọ́ ọ. Àníyàn àpọ̀jù ni èkejì rẹ̀: ìfòyà tí kò nídìí, àyà tó ń já, èémí tó ń kúrú, ọkàn tí kò lè jókòó. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọdún 2019 ni pé nǹkan bí mílíọ̀nù 280 ènìyàn ló ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àwọn tó ní àìsàn àníyàn sì tó mílíọ̀nù 301. Ohun tó wá mú ìrẹ̀wẹ̀sì yàtọ̀ ni pé ẹni tó dá lẹ́sẹ̀ ṣì lè ké sí ọlọ́kadà kí ó gbé òun lọ sílé ìwòsàn. Ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń ba ohun tí ènìyàn fi ń wá ìwòsàn gan-an jẹ́, ìyẹn ìfẹ́ inú, ìpinnu àti ìrètí. Ojú tí à ń ní kó ríran ni àìsàn náà bò.

Iṣẹ́ kìíní ẹni tó ń ríran ni kí ó gbọ́ èdè aláìsàn. Yorùbá kì í sábà wọlé kí ó ní ọkàn òun rẹ̀wẹ̀sì. Ara ló máa ń ròyìn: "Nǹkan kan ń rìn nínú orí mi." "Orí mi ń gbóná." "Àyà mi ń já." Ní 1987, oníṣègùn ọpọlọ kan, Makanjuola, kọ ìwé ìwádìí lórí ọdẹ orí, àìsàn tí àwọn aláìsàn Yorùbá máa ń ṣàpèjúwe pé nǹkan ń rìn nínú agbárí àwọn, àìróorunsùn, ìbẹ̀rù àti ìrẹ̀wẹ̀sì sì sábà máa ń bá a rìn. Ṣáájú ìyẹn, ní 1960, Raymond Prince, ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ti kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní ìwé kíkà ti fọ́ àwọn lórí. Nítorí náà, bí orí bá ń rìn, kẹ́mísí la ń lọ. Wọ́n á ní ibà ni, wọ́n á ní táífọ́ọ̀dù ni, a ó gba abẹ́rẹ́, oṣù á yípo, a ó tún padà. Ó dára kí a yẹ ibà wò. Bí a bá ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tí ara kò yá, ẹni tó ń ríran ni kí ó sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n léèrè ohun mìíràn."

Àwa Yorùbá ti ní àpẹẹrẹ ńlá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1954, Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò kí wọ́n tó kọ́ ọ tán. Kò dúró de ilé. Ó bá àwọn ará abúlé tó yí Arò ká sọ̀rọ̀, wọ́n gba aláìsàn sílé, wọ́n ń gba owó ilé. Aláìsàn á wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, á padà sí abúlé nírọ̀lẹ́. Lambo ní òfin kan: aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ìbátan kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa sè fún un, kí ó máa fọṣọ, kí ó máa mú un lọ mú un bọ̀. Ayé gbọ́ nípa ètò yìí, Lambo sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé nígbà tó yá. Ohun tó ṣe kò ju pé ó sọ "a" inú òwe wa di òfin ilé ìwòsàn. Ìbátan tó tẹ̀ lé aláìsàn dé Arò ni ojú tó ń ríran.

Báwo ni irú ìbátan bẹ́ẹ̀ ṣe lè rí ọ̀nà láti Ọjọ́, Iba tàbí Okokomaiko lónìí? Gbogbo wa mọ bí ọ̀nà Badagry ṣe rí láti 2009 tí wọ́n ti ń fẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina ní oṣù kẹsàn-án 2023, Mile 2 ni ó ń dúró. Okokomaiko tó jẹ́ òpin rẹ̀ nínú ètò ìjọba kò tíì rí i. Ẹni tí kò lè dìde lórí ibùsùn ni à ń ní kó wọ dáńfó dé Mile 2, kí ó tún wọ òmíràn. Nítorí náà, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ìjọba tó wà ládùúgbò ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Àbẹ̀wò kò wọ́n níbẹ̀, kò sì sí aládùúgbò tí yóò béèrè ohun tí ẹ wá ṣe. Kí ẹ sọ ọ́ ní tààrà pé ọ̀rọ̀ ọkàn ló gbé yín wá, kí ẹ béèrè bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tó kọ́ nípa rẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé ìtọ́kasí sí ilé ìwòsàn ńlá. Láti Iba, ọ̀nà LASU sí Ìgándò á gbé yín dé ilé ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó wà ní Ìdí-Àràbà, ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sì wà ní Ìkẹjà. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ Yaba wà pẹ̀lú, ó sì ní ẹ̀ka ní Òṣòdì. Orúkọ yìí ló ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù. Ní 1907 ni àwọn òyìnbó dá ilé náà sílẹ̀ láti fi ti àwọn tí wọ́n pè ní wèrè mọ́lé, ojú yẹn ni a ṣì fi ń wò ó títí di òní. Bí ọmọ Èkó bá fẹ́ bú ẹnì kan, á ní "Yaba Left" ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ni lónìí, ọ̀pọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ ń gba káàdì, wọ́n ń rí dókítà, wọ́n ń gba oògùn, wọ́n sì ń padà sílé lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń ríran ni yóò ṣàlàyé èyí fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà kí wọ́n tó kúrò nílé.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, mú ìwé kékeré kan dání. Kọ ọjọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ sí i, bí aláìsàn ṣe ń sùn, bó ṣe ń jẹun, ohun tí kò lè ṣe mọ́. Kó gbogbo oògùn tó ń lò sínú àpò, àti àgbo, nítorí dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀. Jẹ́ kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìwọ fi èyí tó gbàgbé kún un. Kí ẹ tó dìde, ẹ béèrè orúkọ àìsàn náà, iye ọjọ́ kí oògùn tó ṣiṣẹ́, ohun tó lè ṣe sí ara, àti ọjọ́ àpadàbọ̀. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó hàn, inú rírùn tàbí orí fífọ́ sì lè ṣáájú àǹfààní rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jù ú nù. Àwọn mìíràn ń dá a dúró lọ́jọ́ tí ara bá yá, bẹ́ẹ̀ sì ni ó yẹ kí wọ́n lò ó fún oṣù mélòó kan sí i. Oògùn oorun tí à ń rà lọ́wọ́ kẹ́mísí láìsí ìwé dókítà yàtọ̀ sí i. Ó lè di bárakú. Ìtọ́jú tún wà tí kò ní oògùn nínú: ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ nípa ọkàn, tó ń kọ́ ènìyàn bí yóò ṣe máa mú èrò àti ìṣe rẹ̀ bọ̀ sípò. Ẹ béèrè fún un.

Ẹ má sì bá pásítọ̀ tàbí ààfáà jà. Àwọn gan-an ni ọ̀pọ̀ ará wa ń kọ́kọ́ lọ bá. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé ti Ìbàdàn ṣáájú rẹ̀, tó jáde ní 2020, fi hàn ní Nàìjíríà àti Gánà pé àwọn tí àìsàn ọpọlọ tó le ń bá jà gbádùn jù nígbà tí oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn aládùúrà bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé. Kí àdúrà máa lọ, kí oògùn náà máa lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí a fi ebi pa aláìsàn, kí a nà án, tàbí kí a dè é mọ́lẹ̀, ẹ mú èèyàn yín kúrò níbẹ̀.

Bí aláìsàn náà bá wá ń sọ pé ayé sú òun, tàbí pé ilé á sàn bí òun kò bá sí, má bú u, má sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Bi í léèrè tààrà bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn. Má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ìbẹ̀rù ọlọ́pàá ni kò jẹ́ kí àwọn ìdílé kan jáde. Òfin àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan sí ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ìwà ọ̀daràn ti ìpínlẹ̀ Èkó láti 2011 ní ilé ìwòsàn ni kí ilé ẹjọ́ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí. Ní oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ Buhari sì fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tó gbapò òfin wèrè ti 1958, tó sì gbé ẹ̀tọ́ ẹni tó ń gba ìtọ́jú kalẹ̀.

Ẹ̀tọ́ yẹn kan ẹni tó ń ríran náà. Ojú ni ọ́, o kì í ṣe ọ̀gá. Àgbàlagbà ni ẹni tí o tẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń sọ níbi ìpàdé ẹbí tàbí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ojú a sì máa rẹ̀. Kí ẹnì kan mú un lọ lóṣù yìí, kí ẹlòmíràn mú un lọ lóṣù tó ń bọ̀, kí ẹni kẹta sanwó ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ni "a", kò lópin sọ́dọ̀ ẹnì kan.

Lọ́jọ́ kan, ìwọ ni yóò gbàgbé ọjọ́ àpadàbọ̀. Ẹni tí o ti ń ti lẹ́yìn láti oṣù mélòó kan á pè ọ́ láàárọ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rántí pé òní ni káàdì mi? Mo ti wọṣọ." Ìwọ sáà mú bàtà rẹ. Òun ló ń ríran lónìí.