ORIN "YELLOW FEVER" ÀTI Ọ̀RÀN ÀWỌ̀ ÈNÌYÀN DÚDÚ NÍ ÀKÓKÒ FESTAC

Ẹni tí ó bá gba títì Èkó lọ sí Àgbádárìgì yóò kan ìlú kan ní ilẹ̀ Àwórì, ní agbègbè Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, tí òun àti Satellite Town jọ múlé ti ara wọn. Orúkọ ìlú náà kì í ṣe orúkọ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orúkọ odò tàbí igi tí ó wà níbẹ̀. Festac ni à ń pè é, nítorí pé àwọn àlejò tí ó wá ṣe àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú ní ọdún 1977 ni a kọ́ ọ fún. Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí a wò ní ọjọ́ náà ni ilé gbogbo ènìyàn dúdú lágbàáyé. Ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà tí a ń ṣe ètò àjọ̀dún yìí, àwo orin kan jáde ní Èkó tí ó bèèrè bóyá àwọn onílé pàápàá fẹ́ràn àwọ̀ ara wọn. Orin náà ni "Yellow Fever," tí Fẹlá Aníkúlápó Kútì gbé jáde ní ọdún 1976.

Dakar ni a ti kọ́kọ́ ṣe irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 1966, nígbà tí Léopold Sédar Senghor jẹ́ olórí ilẹ̀ Senegal. Nàìjíríà ni a yàn láti gba àlejò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ogun abẹ́lé tí ó jà láti 1967 dé 1970 kò jẹ́ kí ó tètè ṣeé ṣe. Nígbà tí ogun sì parí, ìyípadà ìjọba ti oṣù keje ọdún 1975 tún dá a dúró. Owó epo rọ̀bì ti wá pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba ní ìgbà náà. A kọ́ gbọ̀ngàn eré ńlá ti orílẹ̀-èdè sí Ìgànmú, a sì kọ́ ìlú titun sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Àgbádárìgì, èyí tí a fi nọ́ḿbà pe àwọn òpópó rẹ̀. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn olórin, oníjó, òṣèré àti ọ̀mọ̀wé tí wọ́n tó nǹkan bí 16,000 péjọ sí Èkó àti Kàdúná láti orílẹ̀-èdè tí ó ju 50 lọ.

Ojú obìnrin ni a fi ṣe àmì àjọ̀dún náà. Ère ojú Idia ni, ìyá Ọba Esigie ti Ìbìní, tí a fi eyín erin gbẹ́ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó kó o lọ nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Ìbìní ní 1897, ó sì di ti British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Nàìjíríà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yá òun fún àjọ̀dún náà. Wọn kò yá a. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù ni kí ọmọ Ìbìní tún òmíràn gbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe.

Ojú obìnrin mìíràn ni ó wà lára páálí àwo orin Fẹlá. Lemi Ghariokwu ni ó ya àwòrán náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì ju ẹni ọdún mọ́kànlélógún lọ. Obìnrin tí ó yà ti fi ìpara bó ara: ibì kan pupa, ibì kan dúdú, ojú sì ti yí padà kúrò ní ojú tí a dá a mọ́ ọn. Ní ọdún kan náà, ní ìlú kan náà, ìjọba ń gbé ojú obìnrin dúdú ga gẹ́gẹ́ bí ògo ìran rẹ̀, olórin sì ń fi ojú obìnrin dúdú hàn gẹ́gẹ́ bí ọgbẹ́ ìran náà.

Bí Fẹlá ṣe dé ibi ọ̀rọ̀ yìí yẹ fún àkíyèsí. Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní 1938, nínú ìdílé àwọn Ransome-Kútì. Bàbá bàbá rẹ̀, Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ orin Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1920. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ni ó ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nínú ìjà owó orí, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Síbẹ̀, Fẹlá fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ àwọ̀ dúdú sí nígbà tí ó lọ kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958. Amẹ́ríkà ni ojú rẹ̀ ti là. Ní 1969, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Los Angeles, níbi tí obìnrin kan tí ń jẹ́ Sandra Smith, tí a wá mọ̀ sí Sandra Izsadore, ti fún un ní ìwé ìtàn ìgbésí ayé Malcolm X kà. Ọdún kan péré ni ó ti kọjá tí James Brown gbé orin rẹ̀ "Say It Loud – I'm Black and I'm Proud" jáde. Nígbà tí Fẹlá padà sílé, orin rẹ̀ kò rí bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní 1973 ó gbé "Gentleman" jáde láti fi ẹni tí ń wọ kóòtù òtútù nínú oòrùn ilẹ̀ wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ní àárín àwọn ọdún 1970 náà ni ó ju orúkọ Ransome nù, tí ó sì fi Aníkúlápó rọ́pò rẹ̀.

Èdè Píjìn ni ó fi kọ "Yellow Fever," kí ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Ghana lè gbọ́ ọ láìsí ògbufọ̀. Ó kọ́kọ́ ka oríṣiríṣi ibà bí oníṣègùn tí ń ka àrùn. Lẹ́yìn náà ni ó ya ibà tí ó ń wá fúnra rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ibà tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ rà. Ibà pọ́njú jẹ́ àrùn tí ẹ̀fọn ń kó ranni. Ṣùgbọ́n èyí tí Fẹlá ń wí, inú ìgò ìpara ni ó wà, ọjà ni a sì ti ń rà á. Nínú ìyàtọ̀ yìí ni agbára orin náà wà.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, Yorùbá kò fi àwọ̀ kan ṣe ọba lé òmíràn lórí. Bí wọ́n ti ń ki adúmáadán, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ki apọ́nbéporé. Obìnrin a máa kun osùn, a máa lé tìróò, a máa fi òrí pa ara kí ó lè máa dán. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwọ̀nyí, ẹwà tí ó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń bù kún, wọn kì í bó ohun tí Elédùmarè fi wọ ènìyàn. Ìjọba àmúnisìn ni ó sọ àwọ̀ di ìwé àṣẹ. Ní Èkó, a ya Ìkòyí sọ́tọ̀ fún ibùgbé àwọn òyìnbó. Ní 1947, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó jẹ́ ènìyàn dúdú, Ivor Cummings, dé sí òtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Èkó. Nígbà tí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kò sí yàrá fún un. Ariwo sọ, àwọn olóṣèlú àti oníwèé ìròyìn dìde, gómìnà sì ní láti pàṣẹ pé kí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin. Àṣẹ lè ṣí ilẹ̀kùn òtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n kò lè yọ ẹ̀kọ́ tí ilẹ̀kùn náà ti kọ́ àwọn ènìyàn kúrò lọ́kàn wọn. Nígbà tí àwọn òyìnbó fi ìjọba sílẹ̀ ní 1960, ẹ̀kọ́ náà kò bá wọn lọ.

Níbí ni àléébù orin Fẹlá wà, a kò sì gbọdọ̀ fi í pamọ́. Obìnrin ni ó dojú ìbáwí kọ jù lọ. Kò bi ọkùnrin tí ń yan apọ́nbéporé láàyò. Kò sì fi bẹ́ẹ̀ bá àwọn tí ń pò ìpara náà àti àwọn tí ń tà á wí. Àwọn àgbà ní kí á kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí á tó padà wá bá adìẹ wí. Wọ́n tún ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi òsì fà á mọ́ra. Orin yìí fi ọ̀tún nani. Òsì kò jáde. Síbẹ̀, òtítọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò di irọ́ nítorí èyí.

A pe Fẹlá sí ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ipa Nàìjíríà nínú FESTAC. Ó mú ìmọ̀ràn wá, wọn kò gbà á, ó sì kúrò láàárín wọn. Nígbà tí àjọ̀dún bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣeré tirẹ̀ ní Ìdí-Orò, àwọn olórin àlejò sì ń lọ bá a níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó wá láti Brazil ni Gilberto Gil. Ó wo àwọn ilé tí a kọ́ fún wọn ní Festac, ó rántí àwọn ilé tí a ń kó àwọn tálákà lọ sí ní ìlú tirẹ̀, láti inú ìrántí yìí ni ó sì ti rí orin "Refavela," tí ó gbé jáde ní ọdún náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú titun náà di ìyá orin kí ó tó di ilé fún àwọn tí ń gbé inú rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì, ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn tí àjọ̀dún parí, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé Fẹlá, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978.

Lẹ́yìn FESTAC, a pín àwọn ilé náà fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọmọ ni a sì ti bí síbẹ̀ tí wọn kò mọ̀ ju pé Festac ni ìlú àwọn. Ibà tí Fẹlá kọrin nípa rẹ̀ kò tíì lọ. South Africa fi òfin de hydroquinone nínú ìpara ní 1990. Ní Nàìjíríà, NAFDAC, àjọ tí ń mójútó oúnjẹ àti oògùn, kéde ní 2023 pé bíbó ara ti di ọ̀ràn pàjáwìrì, nítorí mákúrì tí ń ba kíndìnrín jẹ́ àti àwọn èròjà mìíràn tí ń sọ awọ ara di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ojú Idia ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin lè fi orúkọ ìlú náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́: kí ó sọ ohun tí ó mú wọn kọ́ ọ, àti ohun tí wọ́n ní àwọn ń ṣe ayẹyẹ rẹ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìlú tí ó bá sì gbàgbé ìdí orúkọ rẹ̀, ilé lásán ni yóò kù níbẹ̀.