Hakeem Ọlájùwọ́n: Bí gókípà Èkó ṣe di àgbà nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n

Ní Erékùṣù Èkó, láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Campos Square títí dé Oníkàn, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọdé kọ́kọ́ máa ń gbá. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí basketball, kò ní gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ìtàn Hakeem Ọlájùwọ́n fi yẹ ní mímọ̀ fún gbogbo òbí tí ọmọ rẹ̀ ń lálàá àtigbá bọ́ọ̀lù yìí ní Amẹ́ríkà. Ọmọ Èkó ni, kò tètè bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń wá a kiri nígbà tí ó kúrò nílé.

Ní ọjọ́ 21, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1963 ni wọ́n bí i ní ìlú Èkó. Òwò sìmẹ́ǹtì ni bàbá rẹ̀, Salim, àti ìyá rẹ̀, Àbíkẹ́, ń ṣe. Ní ilé ẹ̀kọ́ Muslim Teachers College tí ó lọ, gókípà ni nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì tún máa ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù, ìyẹn handball. Ó ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15 kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n.

Eré méjèèjì tí ó kọ́kọ́ mọ̀ yìí kò já sí asán. Gókípà ní láti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kí ó tó dé, kí ó sì tètè gbé ẹsẹ̀. Ẹni tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù ní láti mọ bí a ṣe ń fò sókè, kí ó hán bọ́ọ̀lù, kí ó sì jù ú. Nígbà tí Ọlájùwọ́n ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì fúyẹ́ bíi ti ẹni kúkúrú. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni orísun ẹ̀tàn ẹsẹ̀ tí wọ́n wá ń pè ní Dream Shake.

Ọ̀rẹ́ Guy Lewis, akọ́nimọ̀ọ́gbá Yunifásítì Houston, ni ó rí i níbi tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, tí ó sì ròyìn rẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò fi dá a lójú pé àyè wà fún un. Wọ́n ní kí ó wá kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò ni. Nígbà tí ó gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú ní ọdún 1980, kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó tẹ yunifásítì náà láago, wọ́n sì ní kí ó wọ takisí máa bọ̀.

Kò gbá bọ́ọ̀lù ní sáà àkọ́kọ́, nítorí àjọ NCAA kò tíì fún un ní àṣẹ. Nígbà tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní sáà 1981 sí 1982, àmì ayò 8.3 péré ni ó ń jẹ nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan. Ó bi àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ bí òun yóò ṣe tẹ̀ síwájú, wọ́n sì rán an sí gbọ̀ngàn Fonde ní Houston, níbi tí Moses Malone, ọ̀kan lára àwọn tí ó lágbára jù lọ nínú líìgì NBA nígbà náà, ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Malone ń tì í, ó ń gbọ̀n ọ́n nù, ṣùgbọ́n Ọlájùwọ́n kò sá.

Èso rẹ̀ hàn kíákíá. Ní sáà 1982 sí 1983, ó ń jẹ àmì ayò 13.9, nígbà tí ó fi di sáà kejì sí i, ó ti di 16.8, ó sì ń gba bọ́ọ̀lù 13.5 tí ó bá ta padà lára agbọ̀n. Ní ọdún 1983, ikọ̀ North Carolina State fi 54 sí 52 borí Houston ní ìdíje àṣekágbá, síbẹ̀ òun ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó pegedé jù lọ. Ní ọdún 1984, òun ni Houston Rockets kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn tí ó fẹ́ wọ NBA. Ipò kẹta ni Michael Jordan wà. Ó gba ife ẹ̀yẹ NBA ní ọdún 1994 àti 1995.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Ọmọ tí kò bẹ̀rẹ̀ ní kékeré kò tíì pẹ́ jù, eré mìíràn tí ó ń ṣe kò sì bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n kí òbí tí aṣojú kan bá wá bá nítorí ọmọ rẹ̀ rántí takisí ọdún 1980 yẹn: ìkésíni nìkan kì í ṣe ìlérí. Kí ó béèrè ní kíkọ sílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń lọ, ẹni tí yóò san owó rẹ̀, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá rí àyè gbá bọ́ọ̀lù.