Ẹ̀jẹ̀ Asibi àti báàkóòdù: Báwo ni ilé àyẹ̀wò ṣe ń mọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú fìrísà?

Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, ọdún 1927, Dókítà A. F. Mahaffy gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan ní Kpeve, ní ilẹ̀ tó di Ghana lónìí. Asibi lorúkọ rẹ̀, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ló sì ń ṣe é.

Ìgbìmọ̀ Rockefeller, tó fi Yaba nílùú Èkó ṣe ibùjókòó, ni Mahaffy ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà gún ọ̀bọ kan lábẹ́rẹ́, àìsàn sì kọlu ọ̀bọ náà. Asibi ní tirẹ̀ yè é. Láti ara ọ̀bọ kan bọ́ sí òmíràn ni wọ́n ń gbé kòkòrò àrùn náà, kó má baà parẹ́.

Iṣẹ́ ikú ni. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, Adrian Stokes, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ náà, kó ibà ọ̀hún, ó sì kú sí Èkó.

Kòkòrò yìí, tí wọ́n fi orúkọ Asibi pè, ni Max Theiler àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D lọ́dún 1937. Theiler gba àmì ẹ̀yẹ Nobel lọ́dún 1951. Abẹ́rẹ́ yẹn náà la ṣì ń gbà títí dòní.

Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo kò ṣòroó rántí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ńkọ́?

Nígbà tí Ebola jà ní Sierra Leone lọ́dún 2014, Kamara, Sesay àti Koroma pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ìwé tó bá wọ yàrá àwọn aláìsàn kò gbọdọ̀ jáde mọ́, torí náà ńṣe làwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan ń pariwo ọ̀rọ̀ aláìsàn kọjá ọgbà kí ẹlòmíì lè kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìgò méjì bá pààrọ̀ ara wọn, ẹni tí ara rẹ̀ le lè bá ara rẹ̀ láàárín àwọn tó ní Ebola, kí ẹni tó ní in sì gba ilé lọ.

Àwọn oníṣòwò jẹ àǹfààní báàkóòdù: ṣingọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ẹ̀rọ kà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Troy, ìpínlẹ̀ Ohio, ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 1974. Àwọn ilé àyẹ̀wò náà wá gbà á lò. Nọ́mbà kan náà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò àti ìwé aláìsàn. Bí ẹ̀rọ bá ti kà á, kọ̀ǹpútà á sọ fìrísà, àpótí àti ihò tí ìgò náà wà. Bírò lè parẹ́ bí sípíríìtì bá kàn án. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá ti lẹ nọ́mbà mọ́ ìgò tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ̀rọ ò lè mọ̀, yóò kà á bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà nígbà Ebola yẹn ni wọ́n kó lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Nọ́mbà tí wọ́n kọ ní Freetown kò lè sọ ẹni tó ni ín fún kọ̀ǹpútà òkè òkun, àfi bí àkọsílẹ̀ bá tẹ̀ lé e.