Andela: Iléeṣẹ́ Sọ́fútíwíà Tó Gbéra ní Èkó

Andela jẹ́ iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn iléeṣẹ́ mìíràn, pàápàá ti Amẹ́ríkà, wá ẹnjiníà sọ́fútíwíà. Ọdún 2014 ni wọ́n dá a sílẹ̀. New York ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n Èkó ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, orúkọ Nelson Mandela ni wọ́n sì wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ni Jeremy Johnson, Christina Sass, Ìyìnolúwa Abóyèjí, Nadayar Enegesi, Ian Carnevale àti Brice Nkengsa.

Àwọn iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà ń wá ẹni tó mọ sọ́fútíwíà kọ lójú méjèèjì nígbà náà, wọn ò rí i tó. Ní Èkó, àwọn ọ̀dọ́ tó jáde yunifásítì ń jókòó sílé. India ti fi hàn tipẹ́ pé èèyàn lè wà lókèèrè kó ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ibi tí Andela gbà yàtọ̀ ni pé kì í gba odidi iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà kó lọ dá a ṣe: ẹnjiníà ló ń fún un, àwọn yẹn á sì máa bá àwọn òṣìṣẹ́ oníbàárà ṣe é lójoojúmọ́. Aago ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀. Wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà péré ni Èkó fi ṣáájú New York, torí náà bí wọ́n bá ń wọ ọ́fíìsì lọ́hùn-ún ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ọ̀sán ló ṣì jẹ́ ní Yábàá, àdúgbò Èkó tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ní India, ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan èèyàn nígbà yẹn ló kọ́kọ́ sọ wọ́n di olókìkí. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó bá kọ̀wé wá, iye tó ń wọlé kì í tó ẹnì kan. Wọn ò béèrè pé kí èèyàn ti kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà; làákàyè ni wọ́n ń dánwò, lẹ́yìn náà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àṣekára (bootcamp) ọ̀sẹ̀ méjì tí kì í fún ojú lóorun. Ẹni tó bá yege á tọwọ́ bọ àdéhùn ọdún mẹ́rin, á fi nǹkan bí oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ kọ́ṣẹ́, owó oṣù á sì máa wọlé fún un. Lọ́dọ̀ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì, ọmọṣẹ́ ló ń sanwó fún ọ̀gá; níbí, ọ̀gá ló ń sanwó fún ọmọṣẹ́. Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí èrò pọ̀.

Andelan ni àwọn tó wọlé ń pe ara wọn. Ìlànà mẹ́rin tí wọ́n ké kúrú sí EPIC ni wọ́n ń tẹ̀ lé nígbà yẹn: iṣẹ́ tó dára jù lọ, ìfẹ́ iṣẹ́, òtítọ́ àti àjọṣe. Orúkọ yìí náà ni wọ́n fi pe ilé ńlá tí wọ́n kó lọ sí ní Ìlúpéjú. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nígbà náà kò mọ sórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń kọ́ wọn bí a ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń tètè jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ há, àti bí a ṣe ń sọ fún ọ̀gá pé ohun tó ń wí kò ní ṣiṣẹ́. Fún ọmọ tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé a kì í já àgbà nírọ́, mo gbà pé apá yìí le ju kọ̀ǹpútà lọ.

Owó olùdókòwò wá ya wọlé. Ní oṣù kẹfà 2016, àjọ Chan Zuckerberg Initiative ṣáájú àwọn tó kó mílíọ̀nù 24 dọ́là sílẹ̀. Lóṣù kẹjọ, Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook, fúnra rẹ̀ dé sí Yábàá. Mílíọ̀nù 40 tẹ̀ lé e ní 2017. Ní oṣù kìíní 2019, Generation Investment Management, iléeṣẹ́ olùdókòwò tí Al Gore, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ṣáájú mílíọ̀nù 100. Nígbà yẹn wọ́n ti ní ọ́fíìsì ní Nairobi, Kampala àti Kigali, ẹnjiníà wọn sì ti lé ní 1,000.

Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kéde pé nǹkan bí 400 ọ̀dọ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, Uganda àti Kenya yóò pàdánù iṣẹ́. Johnson, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà nígbà yẹn, kò fi ìdí rẹ̀ pamọ́: oníbàárà kò fẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọṣẹ́ mọ́, ẹni tó ti pẹ́ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Wọn ò rí ibi tí wọ́n máa gbé àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ tán sí, owó oṣù àwọn yẹn kò sì dúró. Ní ojú tèmi, ìṣirò náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ló pe àwọn ọmọ yẹn wá, kì í ṣe oníbàárà. Andela ní kí àwọn ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ CcHUB àti iHub bá òun ran àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù náà kò kúrò nílẹ̀. Ohun tí oníbàárà ń san lórí ẹnì kan nígbà náà ju ohun tó ń dé ọwọ́ onítọ̀hún lọ dáadáa, àwọn kan sì pè é ní ìrẹ́jẹ. Ẹni tó bá máa dá ẹjọ́ yìí ní láti ka owó ẹ̀kọ́, ọ́fíìsì àti dísẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn. Síbẹ̀, ọdún mẹ́rin gùn fún ẹni tó ti mọ iye tí òun tó lọ́jà.

Àrùn kòrónà mú ìyókù àyípadà náà yá. Ní oṣù karùn-ún 2020, wọ́n dá òṣìṣẹ́ 135 dúró, wọ́n sì gé owó oṣù àwọn ọ̀gá; lẹ́yìn náà wọ́n ti àwọn ọ́fíìsì pa: kí kálukú máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn fún ẹnjiníà gbogbo Áfíríkà, lẹ́yìn náà fún gbogbo ayé. Ní oṣù kẹsàn-án 2021, iléeṣẹ́ olùdókòwò SoftBank ṣáájú mílíọ̀nù 200 dọ́là, wọ́n sì díwọ̀n iléeṣẹ́ náà sí bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là. Ní 2023 ó ra Qualified, tó ń fi kọ̀ǹpútà dán ẹnjiníà wò. Carrol Chang gba ipò ọ̀gá àgbà lọ́wọ́ Johnson ní 2024.

Abóyèjí ti lọ láti 2016, ó sì wà lára àwọn tó dá iléeṣẹ́ ìsanwó Flutterwave sílẹ̀. Àwọn Andelan àtijọ́ pọ̀ káàkiri iléeṣẹ́ sọ́fútíwíà Èkó, London àti Amẹ́ríkà. Ètò tó kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ohun tó dára jù lọ tí Andela ṣe, òun náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ pa tì.