Rélùwéè Okokomaiko: Ẹ Jẹ́ Ká Fi Àná Kọ́gbọ́n



Ẹ̀yin àgbà wa, ṣé ẹ rántí 1983, nígbà tí Gómìnà Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rélùwéè Èkó? Ní 1985, ìjọba ológun fagi lé e. Rélùwéè ò rìn, àmọ́ owó tí Èkó pàdánù sí i ju mílíọ̀nù 78 dọ́là lọ.

Ní 2009, Gómìnà Babatunde Fashola tún gbé iṣẹ́ Okokomaiko sí Marina, kìlómítà 27, fún CCECC. 2011 ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Oṣù Kìíní 2023 ni wọ́n tó ṣí Marina sí Mile 2, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀ ọ́ lóṣù Kẹsàn-án. Kìlómítà 13 péré nìyẹn. Tiwa ló kù.

Kí ni ká ṣe kí ìjà má bàa tún fa iṣẹ́ sẹ́yìn? Kí owó agbaṣẹ́ṣe ti wà nílẹ̀. Kí ọjọ́ ìparí wà nínú ìwé, pẹ̀lú ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá yẹ̀. Kí owó gbà-má-bínú tẹ onílé lọ́wọ́ kí katapílà tó dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù létí títì, ẹ tọ́jú ìwé ilẹ̀, rìsíìtì àti fọ́tò yín báyìí. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Èmi ni, olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ yín.