Iṣan Tó Ṣìnà

Ní ọdún 1798, James Wilson kọ ìwé kan ránṣẹ́ sí Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ ọmọ ìkókó kan tó ti kú ló kọ. Ó yẹ kí àwọn iṣan ẹ̀dọ̀fóró gbé ẹ̀jẹ̀ wá sí apá òsì ọkàn, àmọ́ ti ọmọ yìí kò débẹ̀ rárá, ọ̀nà apá ọ̀tún ni wọ́n gbà.

Àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ irú àṣìṣe báyìí dáadáa: gbogbo wáyà pé, ìkankan ò já, ibi tí wọ́n so wọ́n mọ́ ni kò tọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gba ọ́síjìn á tún padà síbi tó ti ń bọ̀, ara á máa wá a tì. Ihò tó wà láàárín yàrá òkè méjèèjì ọkàn ló ń jẹ́ kí díẹ̀ ráyè kọjá sí òsì. Ẹ ẹ̀ rí nǹkan: ihò tí wọ́n ń pè ní àbùkù lára ọmọ ẹlòmíì ni ẹ̀mí ọmọ yìí so mọ́.

Fún ọdún pípẹ́, ẹ̀yìn ikú ni wọ́n máa ń mọ̀. Ní 1929, ní Eberswalde ní Jámánì, Werner Forssmann ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ iṣan apá ara rẹ̀ títí ó fi dé ọkàn, ló bá fẹsẹ̀ rìn lọ síbi ẹ́síréè. (Àwa ò jẹ́ dán irú ẹ̀ wò láé!) Ọ̀nà yẹn làwọn dókítà tẹ̀ lé tí wọ́n fi ń bu ẹ̀jẹ̀ látinú yàrá ọkàn kọ̀ọ̀kan. Bí ọ́síjìn apá ọ̀tún bá rí bákan náà pẹ̀lú ti òsì, a jẹ́ pé iṣan ti ṣìnà. Lónìí, ẹ̀rọ tó ń fi ìró yàwòrán ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn.

Láti ìgbà Wilson, ó gba ọdún 153 kí ọ̀bẹ tó débẹ̀. Ní 1951, William Muller ní Los Angeles so iṣan náà mọ́ apá òsì láì la ọkàn, àmọ́ àtúnṣe ààbọ̀ ni. Ní 1956, Lewis àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Minnesota mú kí ara aláìsàn tutù kí wọ́n lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lọ́dún kan náà, ní ìpínlẹ̀ kan náà, Burroughs àti Kirklin ní Mayo Clinic lo ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dípò ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Ká ní àwa ni, ti ẹ̀rọ la máa mú; òtútù kì í fúnni láyè púpọ̀. Wọ́n á so iṣan mọ́ ẹ̀yìn yàrá òsì, wọ́n á wá dí ihò tó gba ọmọ là.

Síbẹ̀, ojú abẹ máa ń fún iṣan àwọn ọmọ kan pa. Nítorí náà, láàárín 1990 sí 2000, àwọn oníṣẹ́ abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rán awọ tó yí ọkàn ká mọ́ yàrá òsì, kí abẹ́rẹ́ má baà fọwọ́ kan etí iṣan náà rárá.